Ọwọ́ Tí Kò Ríbi Sinmi

Ọwọ́ náà ló kọ́kọ́ dá mọ̀. Obìnrin náà ti forí wọ abẹ́ tábìlì níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ki wáyà kan bọ ojú ihò rẹ̀, nígbà tí ẹnì kan wọlé, tó jókòó, tó sì gbé ọwọ́ lé orí tábìlì. Bó ṣe ní kí òun gbójú sókè, ọwọ́ yẹn ni ojú rẹ̀ bá pàdé: àtàǹpàkò tó tẹ̀ sẹ́yìn bí ìwọ̀, èékánná tó fẹ̀ bí ojú ṣíbí. Ẹnì kan ṣoṣo ni òun mọ̀ tó ní irú àtàǹpàkò bẹ́ẹ̀, ẹni náà sì ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Ó fẹ́ dìde, orí rẹ̀ gbá etí tábìlì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹ" ló lò fún un, bí ìgbà téèyàn bá ń kí àlejò.

Wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú ọkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kí ó mọ ohun tó ń ni ọwọ́ lára. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe máòsì kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń fi fóòmù gbẹ́ àwòṣe rẹ̀ kí àwọn yòókù tó fi ike ṣe é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pè é ní Dókítà Ọwọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe tẹ́lẹ̀, òun náà a sì máa rẹ́rìn-ín. Láti ọdún tó kọjá ni orúkọ náà ti ń gún un bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n yéé pè é.

Máòsì tuntun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ kò ní bọ́tìnnì kankan. Ẹ̀yìn rẹ̀ dán bí òkúta inú odò, bí ìka bá sì ti kàn án báyìí, ó ti gbọ́. Níbẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Bí ẹni tó ń lò ó bá gbàgbé ìka sórí rẹ̀, máòsì náà yóò rò pé wọ́n pàṣẹ fún òun ni, yóò ṣí ohun tí wọn kò ní kó ṣí. Èèyàn á wá gbé ìka dúró lófuurufú bí ẹni tó fẹ́ pa eṣinṣin, títí iṣan apá yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ọ̀gá fẹ́ràn èyí tó rí pẹlẹbẹ, nítorí ó rẹwà nínú fọ́tò. Obìnrin yìí gbẹ́ òmíràn, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ kí àtẹ́lẹwọ́ lè sùn lé e, kí ìka sì lè sinmi lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé máòsì ń dá a lóhùn. Wọ́n ní kí àwọn àgbà wá fọwọ́ kan méjèèjì lónìí, kí Ọ̀gá lè mú ọ̀kan.

"Màámi, ta ló júwe ibí fún yín?"

"Wọ́n ní ẹ̀ ń wá ọwọ́ àgbà. Mo ní ọwọ́, mo sì ti dàgbà." Ìyá wo àwọn nǹkan orí tábìlì. "Wọ́n ní eku ni ẹ̀ ń ṣe níbí. Láti kékeré ni mo ti ń fi ìgbálẹ̀ lé eku, mi ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọ́n máa ní kí n wá fọwọ́ pa á lórí."

Ní ìgbà kan rí, ẹ̀rín ì bá ti pa àwọn méjèèjì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ni obìnrin náà ń rò. Ìyá tó dúró létí sàréè, lójú gbogbo ayé, tó nàka sí i pé, "Ìwọ tí o mọ gbogbo àìsàn ọwọ́, o ò mọ̀ pé ọmọ mi ń kú!" Kí ló gbé e débí?

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́. Ilé ni ọkọ rẹ̀ ti máa ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán jẹun. Ọlọ́wọ́ òsì ni, máòsì kì í sì í kúrò lábẹ́ ọwọ́ náà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí apá òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó láti èjìká dé ọmọńdinrín, ìyàwó ní máòsì ni. Ó fi aṣọ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó gbẹ́ máòsì mìíràn fún un, ó wọn ọwọ́ rẹ̀ níka níka kí ó lè bá a mu. Àìsàn ọkàn ló ń ránṣẹ́ gba apá, òun pè é ní iṣan. Orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bá a, ó forí lé apá ọ̀tún, ọwọ́ òsì ṣì wà lórí máòsì náà.

"Dókítà Ọwọ́, a ti ṣe tán," ni ohùn ẹnjiníà wí láti inú sípíkà ara ògiri. Yàrá kejì ló wà. Kámẹ́rà tó so mọ́ òkè tábìlì kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ nìkan ló ń wò.

Ó ti èyí pẹlẹbẹ síwájú ìyá. Ìyá gbé ìka lé e. Ohunkóhun kò mira lójú kọ̀ǹpútà. Ó tún fi ìka kàn án, ó rọra fi gbá a.

"Kò gbọ́," ni ìyá wí. "Àbí èmi náà ti kú ni?"

"Ìka wọn ti gbẹ jù," ni ẹnjiníà wí. "Ó jọ pé ó tún tutù. Ẹ bá wọn fi ọwọ́ ra á kó móoru."

Kò sí bó ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Ó mú ọwọ́ ìyá sáàárín ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì. Ó tutù lóòótọ́, awọ orí ìka ti dán nítorí ọdún pípẹ́ tó ti fi ń fọ nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra á, láti ọrùn ọwọ́ lọ sí ìka. Nígbà tó kan àtàǹpàkò, ó ní láti dúró ná.

Orí tábìlì ni ìyá ń wò. "Ó sọ fún èmi náà," ló wí.

"Kí ló sọ, Màámi?"

"Pé apá ń dun òun. Ó yà sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀. Mo fi í ṣẹ̀rín. Mo ní ọwọ́ òsì tí mo nà títí nígbà tó wà ní kékeré, pé kó yéé fi jẹun, kó yéé fi kọ̀wé, òun ló ń gbẹ̀san. A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Mo fi òróró pa á. Mo ní kó lọ sùn."

Obìnrin náà ń ra ọwọ́ náà lọ.

"Nígbà tí mo ń nàka sí ọ yẹn, ìyàwó mi, mo ti mọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo. Ó wúwo jù fún mi, mo wá ẹni tí màá gbé e rù."

"Ṣé ó ti ń móoru?" ni sípíkà bi wọ́n.

Omi kan já bọ́ sórí tábìlì. Kò mọ ojú ẹni tó ti wá. "Ó kù díẹ̀," ló dáhùn.

Nígbà tí máòsì pẹlẹbẹ wá gbọ́ ìka ìyá tán, àgbọ́jù ló gbọ́. Ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n, gbogbo fèrèsé ojú kọ̀ǹpútà sì ń ṣí, wọ́n ń pa dé. Ó gbé èyí kejì fún un. Ìyá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ìka tẹ̀lé e, ọwọ́ náà sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ṣé ó ń ni yín lára?"

"Rárá o. Àfi bí ẹni pé tèmi ni wọ́n wọ̀n."

"Ọwọ́ ọmọ yín ni mo wọ̀n, Màámi. Mo kàn yí i sí ọ̀tún ni."

Ìyá kò gbé ọwọ́ kúrò. Ẹnjiníà ní ó ti tó, kí àgbà mìíràn wọlé. Ìyá kò tíì gbé e.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá ní pẹlẹbẹ ni àwọn máa ṣe. "Mo rí i pé àwọn àgbà gba tìẹ," ló wí, "ṣùgbọ́n àgbà kọ́ ló máa rà á." Ọjọ́ mìíràn, obìnrin náà ì bá jà títí ohùn rẹ̀ á fi há. Lónìí, ó kí Ọ̀gá pé ó dàárọ̀, ó mú báàgì rẹ̀. Nígbà tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá ṣì jókòó síbẹ̀.

Wọ́n jọ rìn dé ibùdókọ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, báàgì wọn wà láàárín wọn. Bọ́ọ̀sì kan dé, ó ṣílẹ̀kùn. Awakọ̀ wo ìyá, ìyá wo awakọ̀.

"Màámi, ọkọ̀ yín nìyẹn."

"Mo rí i."

Ilẹ̀kùn padé, ọkọ̀ lọ. Òmíràn dé, òun náà lọ. Láti ọdún tó kọjá, bí obìnrin náà bá ti rántí ilé ìyá, ilé ìbínú ló máa ń rí, tí èrò kún, tí wọ́n ń dá a lẹ́bi láti àárọ̀ dalẹ́. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé bí ìyá bá ti ilẹ̀kùn tán, kò sí ẹni tó ń bi í bóyá ó ti jẹun, gan-an bí kò ti sí ẹni tó ń bi òun náà.

Ó gbé báàgì méjèèjì sílẹ̀, ó sì sún mọ́ ọn.