Àlejò Tí Bàbá Mi Gbà

Ọjọ́ tí bàbá mi di dárẹ́kítọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Oyèdèjì tó wa ọkọ̀ ilé ìwòsàn títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí kò mọ̀ ju kó gbé ìpè lórí fóònù lọ, òun ló wá di dárẹ́kítọ̀ ilé-iṣẹ́ òyìnbó! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dárẹ́kítọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn tí mo bá pè é bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù báyìí.

Kelido ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Bí o bá fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wàá tẹ fóònù rẹ, kẹ̀kẹ́ á sì dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Nínú owó tí o bá san, Kelido á yọ ìdá kan nínú márùn-ún. Òkè òkun ni wọ́n ti wá. Lọ́yà wọn láti Èkó, Olúwadámiláre, ọmọ tó mọ ìdọ̀bálẹ̀ dáadáa, ló wá gba yàrá iwájú nílé bàbá mi ní Under G, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Ilé yẹn nìkan ni bàbá mi ní láyé. Owó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san ló fi ń jẹun. Olúwadámiláre ní Kelido ti Nàìjíríà nílò àdírẹ́sì kan, àti àgbàlagbà kan tí yóò fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bíi dárẹ́kítọ̀.

"Orúkọ lásán ni, Bàbá," ló wí. "Ẹ ò ní ṣe wàhálà kankan."

Ẹlòmíràn ì bá gba owó yàrá, kó dákẹ́. Bàbá mi kò mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, àlejò tí kò bá ní onílé kò tíì wọ ìlú. Onílé ló ń mú àlejò lọ fojú hàn, òun náà ni wọ́n sì ń bi bí àlejò bá ṣìṣe. Nítorí náà ó wọ aṣọ ńlá, ó mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ àdúgbò, ó sì sọ níwájú gbogbo àgbà pé, "Àlejò mi ni Kelido. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe, èmi Oyèdèjì ni kẹ́ ẹ bi." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó di ọjọ́ Sunday, ó tún un sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n ta ló rántí ìyẹn lọ́jọ́ náà?

Kẹ̀kẹ́ Kelido kún ìgboro fún ọdún bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni Ismaheel, òṣìṣẹ́ owó orí, dé láti ọ́fíìsì wọn ní Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ lèmi náà ti ń ta aṣọ, ṣùgbọ́n mo wá kí bàbá mi lọ́jọ́ náà.

"Ẹ kú ìjókòó sà," ni Ismaheel wí. "Kelido ní àwọn ò tíì jèrè kọ́bọ̀ láti ọjọ́ táwọn ti dé."

"Pẹ̀lú gbogbo kẹ̀kẹ́ yìí?"

"Ohun tí àwa náà bi wọ́n nìyẹn. Kelido mìíràn wà, sà, ní erékùṣù kan lókè òkun, níbi tí wọn kì í gba owó orí. Ìyẹn ló ni orúkọ náà. Kelido ti ibí ń sanwó fún un kó tó lè máa jẹ́ Kelido. Ó tún yá wọn lówó, wọ́n ń san èlé. Tí wọ́n bá san gbogbo ẹ̀ tán, gbèsè ló máa ń kù sílẹ̀ níbí. A kì í sì í gba owó orí lórí gbèsè."

"Ẹnì kan náà ló ni méjèèjì?"

"Ẹnì kan náà ni sà."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ni pé kí n máa sanwó fún ara mi torí pé mò ń jẹ́ Oyèdèjì! Àwọn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù ọ̀hún?"

"Kò sẹ́nì kankan sà. Àpótí lẹ́tà lásán ni."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu bàbá mi.

Ìjọba ò gba ìṣirò Kelido, wọ́n ní kí wọ́n san owó orí. Èsì tí Kelido fọ̀ ni pé wọ́n pa ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà rẹ́. Fóònù Olúwadámiláre kò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kẹ̀kẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí òkè òkun ni ètò orí fóònù tí àwọn èèyàn fi ń pè wọ́n wà. Ohun tó ṣẹ́ kù tọ́wọ́ ìjọba lè tó ni àdírẹ́sì kan àti dárẹ́kítọ̀ kan.

Wọ́n pè wá sí Ọ̀yọ́. Ismaheel, Ọlọ́run á ṣàánú rẹ̀, wá ọ̀nà fún wa.

"Bàbá, ẹ búra pé ẹ ò mọ̀ wọ́n rí. Ẹ ní yàrá lásán lẹ háyà fún wọn, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, a ó fi ilé yín sílẹ̀, a ò ní gbà á dípò owó orí."

Mo tẹ orúnkún bàbá mi. Ó ṣí fìlà.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo ti sọ níwájú Baálẹ̀ pé àlejò mi ni wọ́n. Ṣé kí n wá sọ níbí pé mi ò mọ̀ wọ́n rí?"

"Wọ́n tàn yín jẹ, Bàbá!" Mo ti ń pariwo. "Àlejò tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ní onílé, ṣé àlejò nìyẹn?"

"Wọ́n tàn mí lóòótọ́," ló wí. "Ìyẹn ò ní kí n wá parọ́."

Inú bí mi débi pé mo sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí bàbá rẹ̀. Ó dé fìlà rẹ̀ padà. Adìyẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ náà: Ismaheel ń kọ̀wé, ojú ń tì í, kò sì lè gbójú sókè wò wá.

Wọ́n ti ilé náà pa, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ẹrù wọn jáde. Baálẹ̀ wá kí bàbá mi, ó ní, "Oyèdèjì, ọkùnrin ni ọ́," àwọn àgbà sì ń mi orí. Ó ṣe mí bíi kí n tutọ́. Oríyìn wọn kò lè ṣí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo nínú ilé yẹn.

Ó kù ká lọ sí gáréèjì, kí n mú un lọ sọ́dọ̀ mi ní Ọ̀yọ́. Ànúolúwa, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá òkè tẹ́lẹ̀, fi fóònù rẹ̀ pe kẹ̀kẹ́ fún wa. Nígbà tó dé, KELIDO ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára. Bàbá mi kà á, ó wọlé, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo sanwó, mo sì mọ ibi tí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ń lọ.

Bí a ṣe ń kúrò ní Under G, ó yíjú sí mi.

"Àṣàkẹ́, ní Ọ̀yọ́ tí à ń lọ yìí, ta ni onílé mi?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó wo ẹ̀yìn oníkẹ̀kẹ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Má sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni o."