Lẹ́búlẹ́bú Igi Nínú Ike Sìsí

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, káfíńtà ni, kì í sì í ṣe káfíńtà yẹpẹrẹ. Àga tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í mì, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ọ̀gá Àga. Bó ti wá mọ àga ṣe tó yẹn náà, ọkàn tirẹ̀ kò ríbi jókòó sí láti bí oṣù kan. Bó bá jẹun, kì í dùn lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ń fi ráńdà fá pákó, á kàn dúró lójijì, á máa wo ilẹ̀. Ohun tó ń wò nílẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló ni ológbò. Tíṣà ni ọkọ ń pè é, nítorí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tó ti ń fa eruku ṣọ́ọ̀kì símú ni ara rẹ̀ kì í ti í gba eruku mọ́. Eruku kékeré báyìí, imú á dí, ojú á wú, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Kò sí ẹni tí kò sọ fún un pé kó má sin ẹran kankan. Ó ní àwọn ọmọ òun ti lọ tán, ilé ti dákẹ́ jù, bí òun yóò bá tilẹ̀ máa sín, kí òun rẹ́ni sín sí létí. Bẹ́ẹ̀ ni Sìsí ṣe wọlé, ológbò funfun tó ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà gogoro.

Irun Sìsí kò yọ Tíṣà lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ike tí Sìsí ń yàgbẹ́ sí ni ìṣòro. Iyanrìn ológbò àkọ́kọ́ tí wọ́n rà láti máa dà sínú ike náà kúnná bí àtíkè. Bí Ọ̀gá Àga ṣe dà á báyìí, ó sọ bí èéfín, Tíṣà sín lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ó ń kà á. Èkejì, wọ́n ti fi lọ́fínńdà sí i, ni ojú Tíṣà bá wú pọ̀ọ́. Bébà ni wọ́n fi ṣe ẹ̀kẹta, kóró-kóró bí ẹ̀wà, kò léruku, kò lóòórùn. Tíṣà ti ọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀, ó bu díẹ̀, ó gbé e súnmọ́ imú, ó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Kò sín.

"Èyí yege," ló wí. Láti ọjọ́ náà kò tú àpò kankan wò mọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń rà á, ìyẹn sì tó fún un.

Ó wá jókòó, ó kọ òfin sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri balùwẹ̀. Kí a kọ́kọ́ ṣí fèrèsé. Ọ̀gá Àga ni kó máa kó ìgbẹ́ láràárọ̀, kì í ṣe Tíṣà. Kó máa rọra da iyanrìn náà, kó má dà á bí ẹni ń da yẹ̀pẹ̀ sí kòtò. Ní Sátidé, kó kó gbogbo rẹ̀ dànù, kó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ike, kó sá a sóòrùn kó tó da tuntun sí i. Nísàlẹ̀ bébà náà, ó fi rúlà fa ilà fún Sátidé kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, Tíṣà á fi báírò pupa máàkì í. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni ọkùnrin yìí, kò sì sí ìyìn oníbàárà kankan tó dùn mọ́ ọn tó máàkì pupa yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì kan ló bà á jẹ́. Ó yẹ kó ya ra iyanrìn bébà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn oníbàárà kan gba gbogbo àkókò rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti tì í. Ó padà síbi iṣẹ́ lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀, ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sí lẹ́búlẹ́bú igi tó kún abẹ́ tábìlì. Èrò kan sọ sí i lọ́kàn, irú èrò tí káfíńtà nìkan lè rò. Ó ní, "Ṣebí igi náà ni wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bébà? Kí ni mo tún ń wá bébà kiri fún nígbà tí bàbá bébà wà nílẹ̀ níbí? Ta ló mọ igi jù mí lọ?"

Igi pupa ni, igi líle kan tó máa ń ta ènìyàn nímú bí wọ́n bá ń fi ayùn rẹ́ ẹ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í rẹ́ ẹ láìso aṣọ mọ́mú. Síbẹ̀ ó mú asẹ́, ó jọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ̀gún igi má baà gún Sìsí lẹ́sẹ̀. Ó da àwọn tó tóbi nù, ó wá rọra di èyí tó kúnná jù lọ sínú àpò, ó gbé e lọ sílé ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba eruku. Ọgbọ́n àgbọ́njù, ẹ gbà mí!

Ní Sátidé ó dà á sínú ike. Òórùn igi gba gbogbo balùwẹ̀, Tíṣà sì yọjú.

"Kí ló ń ta sánsán báyìí?"

Ibi tó yẹ kó ti sọ òótọ́ nìyẹn. Gbólóhùn kan péré ni ì bá ná an. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í pé òun gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun, ó sì fẹ́ máàkì rẹ̀.

"Oríṣi tuntun ni," ló wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o dé ni. Igi ni wọ́n fi ṣe é."

"Ó mà dára o! Ẹ kú iṣẹ́, baálé mi." Tíṣà mú báírò, ó máàkì í, ó tún kọ "Ó dára púpọ̀" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ó dára púpọ̀" yẹn ló ká ọkùnrin náà lọ́wọ́ kò. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ padà lọ bá ẹni tó kọ irú ìyẹn pé irọ́ ni? Ó bá ń bá a lọ. Sátidé márùn-ún, àpò márùn-ún, máàkì pupa márùn-ún.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì ni Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò lè sọ̀rọ̀ kan parí láìsinmi, àyà rẹ̀ sì ń súfèé bíi kẹ́tùrù tó fẹ́ hó. Ọ̀gá Àga ń gbọ́ ọ. Ó ní ojú ọjọ́ ni. Ó tún ní bóyá òdòdó tí aládùúgbò gbìn ni. Kò sí ohun tí kò fẹ̀sùn kàn tán, àyàfi àpò tí òun ń gbé wálé. Nígbẹ̀yìn ó pinnu pé bí Sátidé bá dé, òun á rọra padà sí ti bébà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n kí Sátidé tó dé, wọ́n ti wà lọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà gbọ́ àyà Tíṣà, ó fún un ní oògùn fífà sẹ́nu. Ó béèrè bóyá ẹran ọ̀sìn wà nílé. Tíṣà ní ológbò ni, ó ti di ọdún mẹ́rin.

"Ṣé nǹkan kan yí padà nílé láìpẹ́ yìí? Ọṣẹ, kápẹ́ẹ̀tì, ohun tí ẹ ń dà sínú ike ológbò?"

Tíṣà yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Baálé mi, ẹ̀yin lẹ̀ ń rà á. Tuntun yẹn ńkọ́?"

"Kò léruku," ni Ọ̀gá Àga wí. "Bákan náà ló rí pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀."

Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Títí dòní, ohun tó ń dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn, pé ohùn òun ò gbọ̀n.

Dókítà ní a jẹ́ pé ológbò ni. Ó ní ara lè gba nǹkan fún ọdún mẹ́rin, kó wá kọ̀ ọ́ lọ́dún karùn-ún. Kí wọ́n gbé e kúrò nílé ná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà fi aṣọ bo imú, ó gbé Sìsí sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní òdìkejì ìlú. Ọ̀gá Àga sọ ike nù, ó fọ balùwẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ara Tíṣà yá.

"Ẹ ò rí i?" ni Tíṣà wí. "Sìsí ni lóòótọ́."

Ẹ̀gbin ni kí ara ìyàwó ẹni yá kí inú ẹni má sì dùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún un. Bí Tíṣà bá ṣe ń mí dáadáa tó ni ọkàn ọkùnrin náà ń nà án ní pàṣán tó. Ó ń tún ilé ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó kan pákó tuntun sára ibùsùn tí kò bàjẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á sọ ọ́ lọ́la.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì kan, ẹ̀gbọ́n Tíṣà pè lórí fóònù. Ó ní Sìsí ò jẹun dáadáa, abẹ́ àga ló máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Ó ní ẹnì kan ti rí i, tó fẹ́ gbà á, awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ ńlá kẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn. Eku ń yọ ọ́ lẹ́nu nílé. Bó bá di àárọ̀ ọ̀la, á wá gbé e lọ.

"Kò burú, ẹ̀gbọ́n mi," ni Tíṣà wí. "Ẹ fún un. Ẹ sọ fún un pé kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìrù òun."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wọ balùwẹ̀. Nígbà tó pẹ́ kó tó jáde, ọkọ rẹ̀ lọ wò ó. Ó jókòó sórí àpótí kékeré tí Ọ̀gá Àga ṣe fún un, ó kọjú sí ibi tí ike máa ń wà.

"Má bínú sí mi, Sìsí," ló ń sọ jẹ́jẹ́. "Ara mi ló burú. Èmi ni mo lé ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu Ọ̀gá Àga kó tó mọ̀.

"Tíṣà, kì í ṣe ìwọ. Èmi ni. Lẹ́búlẹ́bú igi ni mò ń dà síbẹ̀. Ibi iṣẹ́ mi ni mo ti ń kó o. Igi pupa ni."

Tíṣà ò yíjú. "Látìgbà wo?"

"Sátidé márùn-ún."

"Àwọn tí mo máàkì?"

"Gbogbo wọn."

Nígbà yẹn ló tó wò ó. "Nígbà tí dókítà béèrè, tí mo yíjú sí yín, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ ń gbọ́ bí àyà mi ṣe ń súfèé."

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Ẹ sì ní kò léruku."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. "Mo fẹ́ kí o máa máàkì mi ni," ló wí. Ẹ ò rí nǹkan! Òótọ́ tó sọ gbẹ̀yìn ló tún wá dà bí ẹ̀fẹ̀ jù. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Kò sì pariwo, bẹ́ẹ̀ ariwo ì bá sàn.

"Ẹ tètè sùn," ló wí. "Àárọ̀ kùtù la máa lọ."

Nígbà tí wọ́n dé ilé ẹ̀gbọ́n, awakọ̀ ti wà ní pálọ̀, ó ti gbé Sìsí sínú àgò tó gbé wá, ó ń dágbére. Tíṣà kí wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣé kò sí o.

"Ẹ sọ fún wọn," ni Tíṣà wí fún ọkọ rẹ̀.

Ó sọ ọ́ ní ìdúró, láti orí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì títí dórí dókítà. Kò yọ nǹkan kan kúrò. Awakọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Haa, bàbá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ igi tó yìí!" Ẹ̀gbọ́n ò fi tirẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ rárá.

"Àna wa," ló wí, "ṣé ẹ fẹ́ pa àbúrò mi ni?"

Awakọ̀ ṣí àgò, ó ní òun á wá ológbò mìíràn, Sìsí sì jáde. Ó kọjá lára Ọ̀gá Àga, ó lọ fi orí ra ẹsẹ̀ Tíṣà. Tíṣà gbé e. Ó sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ṣe máa ń sín fún ọdún mẹ́rin tó kọjá, ó ní kí àwọn máa lọ sílé. Kí wọ́n tó délé, ó ní kí Ọ̀gá Àga pe dókítà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un. Ó pè é.

Ike tuntun wà ní balùwẹ̀ báyìí, iyanrìn bébà ló wà nínú rẹ̀. Òfin ṣì wà lára ògiri. Ọ̀gá Àga bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun ya bébà yẹn, kí wọ́n kọ òmíràn, nítorí máàkì márùn-ún yẹn ń wo òun lójú láràárọ̀ tí òun bá ń kó ìgbẹ́. Tíṣà ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí Sìsí padà dé, Ọ̀gá Àga ra àpò kan wálé, ó gbé e síwájú Tíṣà láìtíì tú u. Tíṣà fi síṣọ́ọ̀sì gé e lẹ́nu. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó bu díẹ̀, ó gbé e súnmọ́ imú, ó sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, ọkọ rẹ̀ sì dúró tì í bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Kò sín.

"Ẹ máa dà á," ló wí.

Ọ̀gá Àga ṣí fèrèsé. Ó rọra dà á, láìjẹ́ kí eruku kankan sọ. Nígbà tó ṣe tán, ó mú báírò pupa láti ibi tó wà, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀. Tíṣà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà síbi tó wà, ó sì lọ pe Sìsí wá wo ike rẹ̀.