Gọ́ọ̀mù Inú Ìkòkò Kẹta

Ọ̀dàlẹ̀ ni gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ pákó. Ẹ máa rò ó kíkankíkan nínú ìkòkò, á ṣàn bí omi. Ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, á ki bí ẹ̀kọ tútù. Gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ wa ní Tema, nílẹ̀ Gánà, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, Yayra sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ, torí òun ló ń wọn bó ṣe ki tó. Ìkòkò náà gbóná, ó ní ìdérí, kò sẹ́ni tó lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Aago kan ló wà lára orógùn onírin rẹ̀, tó ń sọ bí gọ́ọ̀mù ṣe ń bá irin jà tó. Àṣà wa ni pé kí wọ́n dín eré orógùn kù, kí wọ́n dúró títí èèyàn á fi jẹ kẹ́ńkè kan, ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, tán, kí wọ́n tó ka aago. Bó bá lé ní ogójì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ ìkòkò, torí gọ́ọ̀mù á dì síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ń fọn fèrè lẹ́nu géètì. Ọ̀gá Ofosuhene já wọlé, òógùn bò ó.

"Yayra, kí ló kù lórí ìkòkò kẹta?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí orógùn rọlẹ̀ ná."

"Rọlẹ̀ kẹ̀? Ṣé àwọn dírẹ́bà yẹn ló máa rọlẹ̀ dè ọ́? Kà á bó ṣe wà!"

Ó kà á bó ṣe wà, lórí eré. Mẹ́rìnlá. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Akuetteh, tó máa ń ṣí ìkòkò, pariwo láti ìsàlẹ̀. "Àǹtí, ṣé ó ṣàn? Bẹ́ ẹ bá dá mi dúró débi tí ọbẹ̀ ìyàwó mi fi tutù, ẹ̀yin lẹ máa wá bá mi bẹ̀ ẹ́ o!"

"Ó ṣàn," ni Yayra wí.

Akuetteh pa orógùn, ó ṣí ẹnu ìsàlẹ̀. Nǹkan kan ò jáde. Ṣebí wọ́n ti ní ó ṣàn? Ó rò pé ìdọ̀tí kékeré ló dí i, ló bá mú irin gbọọrọ, ó gún un. Ohun tó dí ẹnu já, èyí tó ń hó lẹ́yìn rẹ̀ sì dà lé e láti àyà dé ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bó ṣe ké.

Kó tó di pé a ṣíwọ́, Ọ̀gá gbé ìwé bá Yayra. "Sọ ọ́ di ọgọ́ta. O kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Àbí ẹ̀wọ̀n ló wù ọ́?"

Ọmọ méjì ló ń dá tọ́. Ó kọ ọgọ́ta. Ojú ń tì mí fún un títí dòní.

Lọ́jọ́ kẹta ó lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé Akuetteh, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Dedei ìyàwó rẹ̀ ń sunkún, ó ń bínú.

"Wọ́n ní ó wà nínú ìwé pé ó ki! Wọ́n ní wọ́n kìlọ̀ fún ọ! Kí lò ń sáré lọ bá, Akuetteh?"

Akuetteh wo Yayra. "Àǹtí, mo rò pé ẹ ní ó ṣàn."

Yayra rántí àwọn ọmọ rẹ̀.

"Mo ní ó ki," ló wí.

Akuetteh gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Á jẹ́ pé orí mi ti dàrú. Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo kó wàhálà bá yín."

Dedei náà di ẹsẹ̀ Yayra mú, ó ń bá ọkọ rẹ̀ tọrọ àforíjì. Yayra sì dárí jì wọ́n. Ẹ gbọ́ o, ó dárí jì wọ́n! Akuetteh kú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.