Ti Ọ̀gá Nìyí

Àwẹ̀ró ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ nígbà tí Ògúnsàkin wọ inú àgbẹ̀dẹ. Abẹ ìfárí ni ó fi ń gbẹ́ ẹ, èyí tí ó máa ń fi bébà dì ní ìdajì kí ó má baà gé e lọ́wọ́. Èérún igi ń já bọ́ lẹ́nu abẹ náà. Kí ó tó kan ilẹ̀, á pọ́n, á ta bí iná tí ń ta lára irin gbígbóná, á sì kú.

Ògúnsàkin dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọdún kẹsàn-án nìyí tí ó ti ti àgbẹ̀dẹ náà pa. Oṣù kẹjọ nìyí tí wọ́n ti sin Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Ó mọ méjèèjì. Kò bẹ̀rù. Àlá ni, ó sì mọ̀ pé àlá ni, bí ẹni tó wà lórí ẹní ṣe ń mọ̀ pé òjò ń rọ̀ níta.

Ilẹ̀ àgbẹ̀dẹ kò rí bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Ẹnìkan ti pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ iná. Eérú funfun kún inú àwọn kan. Èédú dúdú kún inú àwọn mìíràn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, síbẹ̀ eérú kan kò fò kọjá sínú èédú. Àwẹ̀ró jókòó sídìí òkúta tí Ògúnsàkin máa ń lu irin lé, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí òkúta náà. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Okùn dúdú tó fi so apá awò náà tó kán ṣì wà níbẹ̀.

Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àga onítìmùtìmù pupa.

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí Ògúnsàkin ti fojú kan ìyàwó rẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àga ni ó kọ́kọ́ bá a sọ.

"Ta lo gbé ìyẹn kalẹ̀ dè?"

Àwẹ̀ró fi ahọ́n kan ẹnu pẹ́ńsùlù, ó wò ó, ó tún ń gbẹ́ ẹ.

"Àwẹ̀ró. Mo ní ta lo gbé àga dè?"

"Ẹ má gba orí èédú," ni ó wí. "Orí funfun ni kí ẹ máa tẹ̀ bọ̀."

Ògúnsàkin mọ àga náà dáadáa. Àga náà ni ó lé Ògúnsàkin kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Òjédìran ni wọ́n máa ń gbé e fún. Gbogbo àdúgbò Ìsàlẹ̀ Agbàrá ló ń pe ọkùnrin náà ní Ọ̀gá, nítorí ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kí ó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́sàn-án Sátidé, bí oòrùn bá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, á yọ pẹ̀lú ìwé ìròyìn Yorùbá lábíyá.

"Ìyá Ìbíyẹmí! Mo ti gbé iṣẹ́ wa dé o!"

Iṣẹ́ wa. Ogójì ọdún ni Ògúnsàkin fi lu irin bọ́ obìnrin náà. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní iṣẹ́ wa.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń wí kò ju àpótí ọ̀rọ̀ lọ. Ojú ewé kan wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn náà tí wọ́n ya àpótí kéékèèké sí, dúdú àti funfun. Ìbéèrè wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn á kọ ọ́ sínú àwọn funfun, lẹ́tà kan sí àpótí kan, láìfi àmì ohùn sí i. Èyí tó dùbúlẹ̀ á gba àárín èyí tó dúró kọjá. Àwẹ̀ró fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àádùn. Òun àti Òjédìran á jọ tẹrí sórí ìwé kan ṣoṣo.

"Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹyẹ wo ló ní lẹ́tà márùn-ún?"

"Lékeléke ti gùn jù."

"Ẹ̀gà ńkọ́?"

"Mẹ́ta ni ẹ̀gà, Ìyá. Àbí ẹ fẹ́ fa ẹyẹ ẹlẹ́yẹ gùn ni?"

Ẹ̀rín á sọ. Ògúnsàkin á wà lẹ́yìnkùlé, á máa pọ́n àdá tó ti mú tẹ́lẹ̀.

"Àkàlà," á wí fún àdá náà.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó jókòó tì wọ́n. Ìbéèrè ọjọ́ náà ni ibi tí wọ́n ti ń rọ ọkọ́. Àpótí márùn-ún ni. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun rí tòun. Ó ka àgbẹ̀dẹ lórí ìka, ó di mẹ́fà. Ó tún un kà, mẹ́fà náà ni.

"Kì í ṣe àgbẹ̀dẹ," ni ó wí. "Mẹ́fà ni tiwa."

Òjédìran rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Gb! Lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb, Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ ni àgbẹ̀dẹ, ẹ ò mọ iye lẹ́tà inú rẹ̀?"

Ìyẹn kò dun Ògúnsàkin. Ilé-ìwé àgbà ni ó ti kọ́ ìwé, ó sì mọ ibi tí tirẹ̀ mọ. Ohun tó dùn ún ni pé Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. Ó dìde. Kò padà jókòó níbẹ̀ mọ́, kò sì sọ ìdí. Ó gbé e mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì, ó ń gún un ní gbogbo Sátidé.

Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró kú. Ọjọ́ Túsìdé ni, ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e lọ. Ògúnsàkin rí àpótí ọ̀rọ̀ tó ṣe kẹ́yìn lábẹ́ Bíbélì rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ti kún àyàfi àpótí mẹ́ta. Létí ìwé, Àwẹ̀ró fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ pé: *Ti ọ̀gá nìyí.*

Kò ka ìbéèrè. Ohun tó wà létí ìwé ti tó o kà. Ó ká ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Òjédìran wá. Ó dìde dúró kí ó tó sọ ohun tó bá wá.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ló kù nínú èyí tí èmi àti Ìyá ṣe kẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá wọn parí rẹ̀."

"Mi ò mọ ibi tó wà."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ògúnsàkin parọ́ fún un, ọkùnrin tí kì í parọ́. Kò lè fa ìwé náà ya, nítorí ọwọ́ Àwẹ̀ró ni. Kò sì lè gbé e fún ẹni tó ni ín. Obìnrin kú tán, ó fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sílẹ̀ fún ọkùnrin mìíràn. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni Ògúnsàkin ń sùn láti oṣù mẹ́jọ.

Nísinsìnyí, obìnrin náà jókòó níwájú rẹ̀. Ògúnsàkin tẹ eérú, ó fo èédú, ó tún tẹ eérú.

"O rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn," ni ó wí.

Abẹ dúró. "Mo rẹ́rìn-ín."

"Èmi lo rín."

"Ẹ̀yin ni. Ojú yín dà bí ojú ẹni tí wọ́n gbé ilé rẹ̀ lọ nígbà tó lọ ra iyọ̀." Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó pa á mọ́. "Kò yẹ kí n rín in. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ẹ ti lọ. Mo ní ẹ máa padà."

"Mi ò padà."

"Ẹ ò padà."

Òjò ń rọ̀ lórí páànù àgbẹ̀dẹ. Kò sí ìró rẹ̀, ó kàn ń rọ̀ ni. Àwẹ̀ró fẹ́ èérún kúrò lórí ìwé. Ó fi ọwọ́ gbá ìtìmùtìmù pupa náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ó ṣe máa ń gbá eruku kúrò lára rẹ̀ ní Sátidé.

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá."

Ògúnsàkin dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ó ti pẹ́ tí ó ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tí Àwẹ̀ró wà lọ́mọge, ó mú ọ̀bẹ tó yọ léèkù wá sí àgbẹ̀dẹ yìí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. *Ọ̀gá, ẹ bá mi tún un ṣe.* Ọ̀bẹ náà kò bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó tún gbé e wá lọ́sẹ̀ kejì. Ọ̀gá ni ó ń pè é títí wọ́n fi bí Ìbíyẹmí, ó wá di Bàbá Ìbíyẹmí, orúkọ àkọ́kọ́ sì rá.

Ó jókòó. Àga náà gbà á.

Àwẹ̀ró na pẹ́ńsùlù sí i. Ó gbóná bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná, kò sì jó o.

"Kí lẹ fi ń lu irin?"

"O mọ̀ ọ́n."

"Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

"Owú."

"Ẹ kà á."

Ó na ìka. O. W. U. "Mẹ́ta."

"Gb ò sí níbẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn gan-an, àmọ́ kò sí ohùn ẹlòmíràn nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín, eérú dìde nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó bo èédú. Ó bo òkúta. Ògúnsàkin na ọwọ́. Okùn dúdú ara awò ojú ni ó rí kẹ́yìn.

Ó jí. Ọ̀sán Sátidé ni. Àwo iṣu tó jẹ sùn wà lórí àpótí ìjókòó, eṣinṣin kan ń rìn lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà.

Ó jókòó sí bèbè ibùsùn fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi ìka tọ ìbéèrè tí kò kà rí.

*Ó wà lóko, ó wà lágbẹ̀dẹ, ó wà nílé olórogún.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òwú ni ti oko, tí wọ́n ń já. Owú ni ti àgbẹ̀dẹ, irin wúwo tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ títí di òní. Ti ilé olórogún, kò nílò ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un. Ìyàwó kan ṣoṣo ló fẹ́ láyé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe olórogún inú ilé náà.

Ó tún wo etí ìwé. *Ti ọ̀gá nìyí.* Gbogbo Ìsàlẹ̀ Agbàrá ló ń pe Òjédìran ní Ọ̀gá. Àwẹ̀ró kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Tíṣà, ẹ wò ó. Tíṣà, ẹ jẹ àkàrà. Láti ẹ̀yìnkùlé, Ògúnsàkin gbọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ Sátidé, kò sì gbọ́ ọ.

Ó sọ agolo mílíìkì tí Àwẹ̀ró ń kó ohun ìkọ̀wé sí kalẹ̀ lórí fèrèsé. Abẹ wà níbẹ̀ nínú bébà rẹ̀. Pẹ́ńsùlù wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti kú. Ó gbẹ́ ẹ. Ó fi ahọ́n kàn án. Ó kọ O, ó kọ W, ó kọ U. Lẹ́tà náà tóbi, U fẹsẹ̀ kan jáde nínú àpótí.

"Àgò o! Bàbá Ìbíyẹmí, ẹ kú ọ̀sán o. Mo ní kí n tún wá wò bóyá…" Ohùn Òjédìran ni.

"Mo ti rí i."

Ògúnsàkin gbé àga onítìmùtìmù pupa jáde, ó kó àwo iṣu kúrò, ó gbé àpótí ìjókòó náà jáde. Ó na ìwé sí Òjédìran. Òjédìran wò ó pẹ́.

"Owú," ni ó wí. "Ti oko àti ti olórogún ìbá yé mi. Ti àgbẹ̀dẹ ni mi ò mọ̀."

"Níbo lẹ ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

"Ìyá mọ̀ ọ́n. Wọ́n fọwọ́ bo ibẹ̀ mọ́ mi lójú lọ́jọ́ náà bí ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n ní kì í ṣe tèmi."

Ògúnsàkin jókòó sórí àga pupa. Ó nawọ́ sí àpótí ìjókòó.

Òjédìran wo àga, ó wo àpótí, ó jókòó. Ó fa ìwé ìròyìn tuntun yọ lábíyá, ó tẹ́ ẹ sáàárín wọn, ó wá pẹ́ńsùlù lápò, kò rí i.

Ògúnsàkin na èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i. Ohun tó kù lára rẹ̀ kò ju oríkèé ìka kan lọ.