Nọ́ńbà Kan fún Ẹni Méjì

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Sàídátù, ọmọ ọmọ mi, kò fi jẹun kánú. Bí mo bá gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀, á bu òkèlè kan, á ní òun ti yó. Ní Ọjọ́bọ̀, bí mo ti kírun Àsárì tán, mo pè é mọ́ra lórí ẹní, mo ń kì í bí mo ti í kì í láti kékeré: "Àṣàkẹ́, ọmọ ọdẹ Ìlobù, ọmọ arìnlẹ́gàn-má-tẹ-ewé-gbẹ." Dípò kí orí rẹ̀ wú, ẹkún ló bú sí.

Àyà mi já. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Mo ní, "Ṣé o rí nǹkan oṣù rẹ?"

"Ìyá Àgbà! Kì í ṣe oyún o!"

"Alihamudulilai. Kí wá ni?"

"Kóòdù JAMB mi ni. Ọ̀túnla ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí."

Orí fóònù ni wọ́n ń fi kóòdù náà ránṣẹ́ sí, láìsí i, kò sí ìdánwò. Bàbá rẹ̀ sì ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí Mansur, ọmọkùnrin Ìfọ́n kan tí wọ́n jọ ń lọ sí lẹ́sìnnì. Nọ́ńbà Mansur gan-an ló wá lò.

"Kí ló dé tí o kò lo tèmi?"

"Mansur ní ọ̀kan ni wá, pé nọ́ńbà kan tó àwa méjèèjì." Ó fa ikun sí imú. "A ti jà báyìí. Ó ti bùlọ́ọ̀kù mi. Ó bùlọ́ọ̀kù ẹ̀yin náà."

"Èmi? Kí ni mo ṣe fún un?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, mà. Fóònù yín ni mo fi bú u."

N kò lè sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ti búra pé bí òun bá tún gbọ́ orúkọ ọmọ yẹn, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni Sàídátù máa bá ara rẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe ipò kìíní tẹ́lẹ̀, tí mo ń pè ní dókítà mi, ipò kejìdínlógún ló ṣe ní táàmù tó kọjá.

Mo ní kí a lọ bá Mansur nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Ìfọ́n kò jìnnà sí Ìlobù, ìjà ilẹ̀ àárín ìlú méjèèjì ló sọ ọ́ di ọ̀nà jíjìn. Ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni, sójà wà lójú ààlà, aago mẹ́fà ni kónílégbélé. Ọlọ́kadà tí a dá dúró rẹ́rìn-ín. "Ìfọ́n kẹ̀, Màmá? Ọmọ mi ò tíì já lẹ́nu ọmú o!"

A fẹsẹ̀ rìn. Mo ń ka Áyátúlì Kúrísíyù lábẹ́ ètè fún ààbò. Ìfọ́n ni wọ́n bí mi sí kí n tó wá fẹ́ ará Ìlobù, ṣùgbọ́n ta ló ń kọ ìyẹn síwájú orí?

Tọ̀yìbátù, ìyá Mansur, ń kó láfún tó sá sóòrùn. Nígbà tó rí wa, ó dìde gìrì, kó tó rántí kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Láti Ìlobù, lónìí? Ọkàn yín mà le o!"

"Ọmọ Ìfọ́n ni mí kí wọ́n tó bí ọ. Mansur ni mo wá rí."

Ọmọ náà jáde, ó rí Sàídátù, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja. N kò bá a wí. Mo ní, "Kóòdù ọmọ mi." Ó mú fóònù, ó ń wá a. Bí ó bá ti pa á rẹ́ ńkọ́?

"Òun nìyí, mà."

Sàídátù kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní ó yá. Sàídátù kò kúrò lójú kan.

"Mansur, tìẹ ńkọ́?"

Ìyá Mansur ló dáhùn: "Ó ti ṣe tirẹ̀ láti oṣù tó kọjá."

"Kò tíì ṣe é, mà. Nọ́ńbà kan, ẹnì kan ni. Èmi ni mo ti lo tirẹ̀."

Tọ̀yìbátù gbé atẹ láfún sílẹ̀. "Mansur! Èmi ò ní nọ́ńbà ni?"

"Ẹ máa béèrè ohun tó ṣe tèmi, mà."

Mo wo Tọ̀yìbátù, òun náà wò mí. Ohun kan náà ni wọ́n fi pa mọ́ fún àwa méjèèjì. Ó tú fóònù kúrò ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó nà án sí Mansur. "Gbà! Fi NIN rẹ ránṣẹ́ kíá."

"Ìwé rẹ̀ wà nínú ilé…"

Kí Mansur tó wọlé lọ mú un, Sàídátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ náà sókè fún un, nọ́ńbà mọ́kànlá, láìwo ibì kan, láìṣì í.

Ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀ ju ti sójà lọ. Ọmọ tó ń sọ fún mi pé fọ́múlà físíìsì kò wọ orí òun! Orí náà kò kéré, ẹlòmíràn ló ń gbénú rẹ̀.

Wọ́n fi ránṣẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì ń fà. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kí tirẹ̀ dé ká tó lọ."

"Aago márùn-ún ti kọjá, Àṣàkẹ́."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ tí kò kọ nǹkan sí mú, mo fà á. Ó ń bojú wẹ̀yìn ṣáá. Èmi ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí kóòdù ọmọ ọlọ́mọ sọnù sójú òfuurufú, kó sì jẹ́ kí ọmọ tèmi bá mi délé, tòun ti gbogbo orí rẹ̀.