Ọwọ́ Lórí Sípíkà

Ọwọ́ ni Bàbá Elétí fi ń gbọ́ orin. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó tì í kí n tó mọ̀, ẹ ò sì lè rí òmùgọ̀ tó jù mí lọ nínú ilé iṣẹ́ rédíò yẹn.

Àwọn èèyàn ló sọ ọ́ ní Bàbá Elétí, torí wọ́n ní kò sí orin òfìfo tó lè gba etí rẹ̀ kọjá. Gbogbo Ọjọ́rú ni àwọn olórin máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wa, oníkálukú pẹ̀lú fláàṣì tó gbé orin rẹ̀ sí lọ́wọ́. Yàrá náà ò tóbi: tábìlì kan, àga méjì, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ orin, àti sípíkà dúdú kan lórí tábìlì. Èmi ni mo máa ń fi orin sí ẹ̀rọ. Bàbá á di ojú, á sì gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún lé orí sípíkà. Tí orin bá wọ̀ ọ́ lára, á fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, èmi á sì fi òǹtẹ̀ Ó YẸ lu ìwé olórin náà. Tí kò bá wọ̀ ọ́ lára, á gbé ọwọ́ kúrò, mo sì mọ òǹtẹ̀ kejì tí mo máa mú. Ẹni tí òǹtẹ̀ kejì bá lù, ilé ló ń lọ. Rédíò wa ò ní fi orin rẹ̀ síta, kò sì sí gbọ̀ngàn eré kankan tó máa gbà á láìsí ìwé wa.

Wọ́n ní ẹ̀mí orin ló ń fi ọwọ́ yẹn wá. Akọ̀ròyìn kan tilẹ̀ wá ya fọ́tò ọwọ́ náà nìkan, ó ṣì wà lára ògiri wa di òní.

Èmi náà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn rí. Kásẹ́ẹ̀tì la ń lò nígbà náà, oyún ọmọbìnrin mi sì ti pé oṣù márùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá mi ni mo ti kọ orin tí mo gbé wá, ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi kú. Ohùn mi nìkan ni. Mi ò fi ìlù sí i, mi ò fi gìtá sí i, torí bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Bàbá Elétí gbé ọwọ́ kúrò kí ẹsẹ̀ kìíní tó parí. Ó ní, "Ọmọ mi, kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀." Lẹ́yìn náà ló wo ikùn mi, àánú ṣe é, ó ní ẹni tó ń bá òun tọ́jú ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ṣé mo lè kọ̀wé dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi ní kí n dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn mi ò kọrin mọ́, àní tí mo bá ń wẹ̀ pàápàá.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni àṣírí tú. Agbálẹ̀ ti yọ wáyà sípíkà nígbà tó ń nu tábìlì, èmi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Iná ò sí lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ògiri wa, gbogbo tábìlì ń gbọ̀n. Mo fi orin ọkùnrin télọ̀ kan sí ẹ̀rọ. Kò sí ohun tó jáde. Mo na ọwọ́ láti tún wáyà ṣe, àfi bí mo ṣe rí i tí Bàbá ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyẹn dáa," ló wí. "Ó wúwo bó ṣe yẹ."

Ó kọjú sí fèrèsé. Mo pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò dáhùn. Mo pè é sókè, kò dáhùn. Ìgbà tó yíjú tó rí ẹnu mi ló ní, "Kí lo wí?" Ibẹ̀ ni gbogbo ọdún tí mo ti bá a ṣiṣẹ́ ti ń tò kọjá lójú mi: bó ṣe máa ń ní kí n wá síwájú òun kí n tó sọ̀rọ̀, bí kì í ṣe gba fóònù, bó ṣe jẹ́ pé gbogbo orin tó yege ló ní béèsì tó ń mi ilẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló gbé lé tèmi. Ọkùnrin yìí ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú orin tí mo fi sin ìyá mi, ó sì là á mọ́ mi lójú pé kò ní ẹ̀mí.

Ẹ máa rò pé mo figbe ta. Rárá o. Mo ki wáyà padà, mo lu òǹtẹ̀, mo pe ẹni tó kàn. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin mi ló wá kó wàhálà bá mi. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó ń kọ́ iṣẹ́ irun ṣíṣe, ohùn rẹ̀ sì dà bí ohùn mi àtijọ́. Ó mọ ìtàn kásẹ́ẹ̀tì mi látòkèdélẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí à ń fọ aṣọ, ó ní òun ti gba orin sílẹ̀, òun ń bọ̀ ní Ọjọ́rú.

"Ṣùgbọ́n, Mọ́mì, ẹ má sọ fún Bàbá Elétí pé ọmọ yín ni mí o. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àwọn tó kù."

Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ nìkan ni. Mo jókòó sórí korobá, ọṣẹ ń gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Fi béèsì sí i," ni mo wí.

"Kí ló dé? Ṣé kò dùn ni?"

"Ó dùn. Ṣáà fi díẹ̀ sí i."

"Tí mo bá fi béèsì sí i, orin ẹlòmíì nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ǹ bá ti sọ fún un nígbà yẹn. Ojú ló ń tì mí. Dípò bẹ́ẹ̀, mo lọ bá ọkùnrin tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Eléèéfín, mo ní kó bá mi tan ẹ̀rọ náà ní aago mẹ́wàá Ọjọ́rú.

"Tí iná bá wà ńkọ́?" ló wí. "Àbí jẹnẹrétọ̀ fẹ́ gba atẹ́gùn ni?"

"Ẹ ṣáà bá mi tàn án, ẹ̀gbọ́n. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

"Ìwọ obìnrin yìí, ọ̀rọ̀ ẹ pọ̀ ju èéfín mi lọ."

Ó tàn án. Iná wà látàárọ̀, síbẹ̀ ó tàn án. Tábìlì ń gbọ̀n, Bàbá di ojú, ó gbé ọwọ́ lé sípíkà. Ohùn ọmọ mi la inú ariwo yẹn kọjá, ó tinrín, ó mọ́. Bàbá kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Mo lu Ó YẸ tagbáratagbára, inú mi sì dùn bí ìgbà tí èmi gan-an yege.

Ẹni tó bá yege máa ń wọlé wá kí Bàbá. Ọmọ mi wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, Bàbá sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"O ṣe é, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́ fún ọ, béèsì yẹn ló gbé orin náà dúró. Ẹni tó bá ọ ta gìtá béèsì yẹn, má jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ mi. Ó wo sípíkà. Ó tẹ́tí sí ariwo tó wà lẹ́yìn ògiri, ó wo tábìlì tó ń gbọ̀n, ó wá wò mí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó gba ìwé rẹ̀, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e.

"Wọn ò gbọ́ nǹkan kan, àbí?" ló béèrè.

Mo fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn mi.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Oṣù mẹ́ta."

Ó wo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èèyàn márùn-ún, tí ojú gbogbo wọn wà lára ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àwọn tó ti wá láti oṣù mẹ́ta ńkọ́? Ṣé ẹ tan jẹnẹrétọ̀ fún àwọn náà?"

"Ìwọ ni ọmọ mi," ni mo wí. Mo rò pé ìyẹn tó.

"Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún," ló wí. Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi sí mi lọ́wọ́, ó gba iwájú àwọn olórin yẹn jáde.

A ṣì jọ ń gbé, ó sì ń kí mi láàárọ̀. Mo gbọ́ pé ó máa ń kọrin ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kọ́ṣẹ́, pé àwọn oníbàárà máa ń jókòó pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe irun wọn tán. Tí mo bá yọ sí wọn, á dákẹ́.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo ti pinnu pé mo máa sọ̀rọ̀. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti ilé. Iná wà, Eléèéfín ń sùn sórí àga rẹ̀, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Obìnrin kan tó ti lé ní ogójì ọdún ló kọ́kọ́ wọlé fi fláàṣì lé mi lọ́wọ́, ó sì padà sórí bẹ́ǹṣì. Ohùn rẹ̀ nìkan ló gbà sílẹ̀. Orin náà dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Bàbá gbé ọwọ́ lé sípíkà, ó dúró díẹ̀, ó gbé e kúrò. Ó rí i pé mo la ẹnu, ó sì ń wo ẹnu mi, ó ń retí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ronú nípa iṣẹ́ mi, mo ronú nípa ohun tí àwọn èèyàn á pè mí. Mo pa ẹnu dé, mo mú òǹtẹ̀ kejì.

Obìnrin náà bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé kí ló kù díẹ̀ káàtó nínú orin òun. Mo sọ fún un pé kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀.