Òfin Kìíní ní Kíláàsì Karùn-ún

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ìbíkẹ́ kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ti kọ́ kíláàsì karùn-ún fún ọdún mẹ́sàn-án ní iléèwé kan ní Òkè-Àgbò, níbi tí Àkànjí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣọ́ géètì, tó sì ń lu aago. Lẹ́yìn ìsìnkú, Àkànjí padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ tán lọ́sàn-án, á wọ kíláàsì náà, á dúró síwájú káádíbọ́ọ̀dù funfun tó wà lára ògiri. Òfin méje ni Ìbíkẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀. Èkínní ni pé: Ẹnu ọ̀nà ni bàtà gbogbo wa ń gbé.

Ní oṣù kìíní, wọ́n gbé tíṣà tuntun dé. Mùbàṣírù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì le koko. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ó sọ ohun tó ń retí fún àwọn ọmọ: ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò nawọ́, ẹni tó bá pẹ́ yóò dúró, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àṣìṣe ẹlòmíì ṣẹ̀rín. Wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tó jókòó sórí àga bàbá wọn. Luqman, tó máa ń jókòó lẹ́yìn, nawọ́ bí tíṣà ti wí, ó ní Màmá Tíṣà tó kú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni tíṣà rí i pé kò sẹ́ni tó wọ bàtà nínú wọn. Ó jáde lọ bá Àkànjí ní géètì.

"Bàbá, kí nìdí tí àwọn ọmọ yìí fi ń bọ́ bàtà?"

Àkànjí kò mọ̀ ọ́n. Kò bi ìyàwó rẹ̀ rí. Ìjọ aláṣọ funfun ni Ìbíkẹ́ ń lọ, wọn kì í wọ bàtà níbẹ̀, Àkànjí sì ti gbà pé ibẹ̀ ló ti mú un wá. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́wọ́ fún ọmọ àná pé òun kò mọ ohun tó wà nínú aya òun.

"Ilẹ̀ mímọ́ ni," ó ní. "Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni. Ṣé ẹ̀yin máa ń wọ bàtà wọ mọ́sáláṣí ni?"

"Mọ́sáláṣí ni mo ti ń bọ́ tèmi. Kíláàsì kì í ṣe mọ́sáláṣí, kì í sì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì."

Ní ọjọ́ kejì ó kọ ọ́ sójú pátákó pé kí gbogbo ọmọ máa wọ bàtà. Ó gun àga láti já káádíbọ́ọ̀dù náà. Àkànjí fi géètì sílẹ̀, ó wá dúró sídìí ògiri. Ó ní bí ó bá fọwọ́ kàn án, òun yóò fi òlù aago gbá ọwọ́ náà. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó lẹ pépà bo òfin kìíní.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Àkànjí a máa lu aago kí àkókò tó pé, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu tíṣà. Tíṣà náà a máa pa àwọn ọmọ mọ́ inú kíláàsì títí lẹ́yìn tí aago bá ti dákẹ́. Ọ̀gá iléèwé pe àwọn méjèèjì, ó ní ojú ń ti òun fún wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Fáìzàh kò wá síléèwé fún ọjọ́ mẹ́ta. Òun ni ọmọ tó máa ń dé ṣáájú gbogbo wọn láti ṣí fèrèsé. Mùbàṣírù wá sí géètì, ó fẹ̀sùn kan Àkànjí pé ó ń lọ bá àwọn òbí lábẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè kó ọmọ wọn kúrò, kí òun sì di ẹlẹ́yà.

"Bí mo bá fẹ́ kí o di ẹlẹ́yà," Àkànjí ní, "ṣé mo tún nílò olùrànlọ́wọ́ ni?"

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà dùn ún. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó gun ọ̀kadà lọ sílé ọmọ náà, kí wọ́n lè jẹ́rìí pé òun kò débẹ̀ rí.

Àdíját, ìyá àgbà ọmọ náà, ń bẹ ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Bí Fáìzàh ti rí Àkànjí, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ àpótí tó jókòó lé. Àkànjí béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ló ní kí ọmọ má lọ síléèwé.

"Tíṣà yín ni," obìnrin náà ní. Ó na ọ̀bẹ sí ẹnu ọ̀nà. Sálúbàtà méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, ti ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì. "Bàtà tó ní nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń fẹsẹ̀ pamọ́ sábẹ́ tábìlì, ó ti sú u."

Ó ní lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ kíláàsì fi bàtà náà kọrin yẹ̀yẹ́. Ìbíkẹ́ wá síhìn-ín. Òun kìlọ̀ fún un pé kó má ra bàtà fún àwọn, àwọn kì í ṣe alágbe. Ìbíkẹ́ ní òun gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, bàtà gbogbo ọmọ di ti ẹnu ọ̀nà. Fáìzàh sì ni Ìbíkẹ́ yàn láti máa ṣí fèrèsé kí ẹnikẹ́ni tó dé, kó sì máa tì í nígbà tí gbogbo wọn bá lọ. Nínú òkìtì bàtà, ta ni yóò mọ ti ta ni?

"Ìwọ tó ń ṣọ́ géètì, o ò rí ẹsẹ̀ ọmọ yìí," ìyá àgbà ní. "Ìyàwó ẹ ti sọ fún mi pé o ò ní rí i."



Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó dúró de tíṣà ní géètì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. "Kì í ṣe ilẹ̀ mímọ́," ó fi parí rẹ̀. "Irọ́ ni mo pa fún ọ. Mi ò mọ̀ ọ́n."

 Mùbàṣírù ní òun náà ì bá ti bi àwọn ọmọ léèrè.

"Bí o bá dárúkọ ọmọ yẹn fún wọn…"

"Bàbá, mi ò ya òmùgọ̀."

Ó sọ fún kíláàsì pé bàtà ń kó eruku ọyẹ́ wọlé jù, kí wọ́n máa bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà. Bàtà tirẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, fèrèsé ti ṣí sílẹ̀ kí Àkànjí tó lu aago.

Wọn kò tìtorí èyí di ọ̀rẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tíṣà gbé páálí kan lé orí bẹ́ǹṣì géètì, ó ní ẹrù ìyàwó rẹ̀ ni, òun fẹ́ lo kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì yí ẹ̀yìn padà. Àkànjí mú bírò, ó kọ ohun tó bá nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹbí:

Ìwé ètò ẹ̀kọ́ mẹ́ta, èyí tó kẹ́yìn kò kún.
Awò ojú kan, wọ́n fi òwú so apá rẹ̀.
Ife oníke kan.
Bíbélì kékeré.
Ṣọ́ọ̀kì, ààbọ̀ páálí.
Sálúbàtà rẹ̀, èyí tó máa ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ti àwọn ọmọ.
Káádíbọ́ọ̀dù funfun kan, òfin mẹ́fà, láti èkejì dé èkeje. Wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé èkínní. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù lára ògiri.